Ẹ fẹ́ fi àkójọ orin yín ránṣẹ́? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà, láti YouTube dé fláàṣì

Orin tó wà nínú àkójọ mi lé ní ọgọ́fà báyìí. Sákárà Yusuf Olatunji ló ṣáájú, torí òun ni bàbá mi máa ń gbé sórí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí iná tó jó lábẹ́ ìkòkò. Àpàlà Haruna Ishola ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà jùjú I.K. Dairo, wákà Salawa Abeni, fújì Sikiru Ayinde Barrister, Fela, Aṣa, Angélique Kidjo tí wọ́n bí ní Ouidah tó sì máa ń kọrin ní Yorùbá, títí dé àwọn ẹgbẹ́ afoxé ní ìlú Salvador ní Brazil, tí ìlù tí wọ́n ń lù ń jẹ́ ijexá. Ìjẹ̀ṣà wa náà ni. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ láti orí dé ìdí, ó ti mọ ibi tí mo ti wá.

Mo fẹ́ kí ẹni mẹ́ta gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní London, iPhone ló ń lò. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Ìkòròdú, Tecno ló ń lò, dátà kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta ni ọ̀rẹ́ bàbá mi ní Ìbàdàn, àgbàlagbà tó mọ àwọn olórin wọ̀nyí ju èmi lọ, àmọ́ tí kì í bá fóònù fa wàhálà. Líǹkì kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá nínú orin àkọ́kọ́, ó dákẹ́, wọ́n ní kí ó wá forúkọ sílẹ̀. Àbúrò mi gbọ́ orin, ṣùgbọ́n wọ́n ti da gbogbo ètò rẹ̀ rú, fújì ló kọ́kọ́ dún sí i létí. Bàbá Ìbàdàn pè mí lórí fóònù: “Ọmọ mi, mo ti tẹ ibi tó ní àwọ̀ búlúù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò dún.” Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Màá wá ọ̀nà mìíràn.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó máa gbọ́ orin ni à ń yan ọ̀nà fún, kì í ṣe ẹni tó tò ó. Mo ti dán àwọn ọ̀nà tó wà wò láti ìgbà náà, ohun tí mo rí ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ìlẹ̀kùn: ṣé ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí lè wọlé láìsanwó, láìkọ orúkọ àti ímeèlì sílẹ̀? Ìkejì, ṣé orin náà tiẹ̀ wà níbẹ̀? Èyí kò le fún ẹni tó ń to orin òde òní. Ó le fún ẹni tó ń wá àpàlà àwọn ọdún 1960. Ìkẹta ni ètò. Ó ní ìdí tí mo fi gbé sákárà síwájú, mo sì fẹ́ kí ó ṣíwájú létí ẹlòmíràn náà. Ìkẹrin ni dátà. Ìkarùn-ún ni bóyá àkójọ náà á ṣì pé ní ọdún mẹ́ta sí i. Ìkẹfà, tí mi ò fi ṣeré rárá, ni bóyá olórin tàbí ọmọ tó fi sílẹ̀ ń rí nǹkan kan gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò dátà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó parí. Kbps ni wọ́n fi ń wọn iye dátà tí orin ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ sí i ni ohùn ń mọ́ sí i. Orin tó ń wọlé ní 96 kbps ń jẹ nǹkan bíi 43 MB ní wákàtí kan. Ní 160 kbps, ó di 72 MB. Ní 320 kbps, ó di 144 MB. Àkójọ tèmi tó wákàtí méjìlá, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan á ná láti nǹkan bíi 520 MB dé 1.7 GB. Bí kò bá tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù, tó tún fẹ́ gbọ́ ọ lóṣù tó ń bọ̀, á tún ná iye yẹn.

Ọ̀ràn ojú àwo kan

Ọ̀ràn kan wà tó kan orin tiwa gan-an, kí n sọ ọ́ kí n tó dé orí àwọn áàpù. Nígbà tí I.K. Dairo ń gbóná, orin kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, torí pé ibi tí àwo kékeré ìgbà náà lè gbà dé nìyẹn. Nígbà tí àwo ńlá LP wá gbòde, tí ojú kan rẹ̀ gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn onijùjú, onífújì àti alápàlà bẹ̀rẹ̀ sí í so orin mọ́ orin láìdánudúró títí ojú àwo náà á fi tán. Wọ́n á ki ẹni tó ṣe ìnáwó, wọ́n á pa òwe, wọ́n á yí ìlù padà, wọ́n á tún padà sí ohùn àkọ́kọ́.

Lónìí, ọ̀pọ̀ áàpù ka odindi ojú àwo yẹn sí orin kan. Ibi tí èmi fẹ́ràn lè jẹ́ ìṣẹ́jú kọkànlá, níbi tí gìtá ti panu mọ́ tí gángan ń dá sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ogún ọdún, á ti fò ó kọjá kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí àkójọ rẹ̀ bá kún fún irú orin yìí gbọ́dọ̀ ro èyí mọ́ owó àti dátà.

Ìṣòro kejì ni ti ẹni tó ni orin. Lẹ́yìn òfin tó ní kí ọmọ Nàìjíríà ni ìpín tó pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó ní àwọn ọdún 1970, Decca ti West Africa di Afrodisia. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn yí orúkọ padà tàbí kógbá sílé. Haruna Ishola àti I.K. Dairo tiẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀ ní 1969, STAR Records. Ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá pààrọ̀ ọwọ́ báyìí, ìwé àdéhùn máa ń sọnù, àwọn ọmọ olóògbé sì máa ń jìjàdù lórí ẹ̀tọ́. Ìdí nìyẹn tí àwo kan fi lè wà lórí áàpù lóṣù yìí kí wọ́n yọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀.

YouTube

Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ló gbòòrò jù. Ẹni tó bá ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lè tẹ líǹkì kí orin dún, kò ní forúkọ sílẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀. Ó máa gbọ́ ìpolówó ṣáá. Àkójọ kan gba tó 5,000 fídíò, ètò tí ẹ bá sì tò ó ló máa ń gbà dún. Ẹ lè ṣe é kó jẹ́ pé ẹni tó ní líǹkì nìkan ló lè rí i. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, torí orin tí mo fẹ́ràn kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò.

Orin àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Àwọn tó fẹ́ràn àwo ló ń fi àwo àti kásẹ́ẹ̀tì inú ilé wọn síbẹ̀, nígbà mìíràn ẹ máa gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ha àwo. Sákárà tí mi ò rí níbòmíràn, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọ̀ràn ojú àwo kan náà rí ojútùú níbẹ̀: ẹ lè ṣe líǹkì tó máa bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọkànlá tààrà. Fún orin Yorùbá, mi ò rí ohun tó dà bí èyí lórí áàpù mìíràn. Líǹkì fídíò kan ṣoṣo ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún o, kò sí fún àkójọ. Nítorí náà, mo máa ń fi líǹkì àkójọ ránṣẹ́, màá wá fi líǹkì ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dùn jù tẹ̀ lé e lọ́tọ̀.

Ẹ gbọ́ àléébù rẹ̀. Àwòrán ń jẹ dátà ju orin lásán lọ, kódà tí ẹ bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sí 144p, ìyẹn àwòrán tó kéré jù. Bí ojú fóònù bá kú, orin dákẹ́, àfi fún ẹni tó ń sanwó Premium. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹni tó fi àwo náà síbẹ̀ lè má ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá fọhùn, fídíò náà lọ, orúkọ rẹ̀ náà á sì pòórá nínú àkójọ yín. Ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní jẹ́ kí ẹ mọ orin wo ló lọ. Mo ní ihò mẹ́sàn-án nínú àkójọ mi, méjì nínú wọn ni mi ò tíì rántí dòní.

Spotify

Ó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2021. ₦900 lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ti gòkè láti ìgbà náà, ẹ wo iye tó jẹ́ lónìí kí ẹ tó san. Ní ti títo orin, kò sí èyí tó rọrùn tó o. Ẹ lè fi àwòrán tiyín síwájú, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ orúkọ àkójọ, ẹ sì lè ṣí i sílẹ̀ kí ẹlòmíràn máa fi orin tirẹ̀ kún un. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí dùn fún ẹbí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan tí a ń fi orin sí fún ìrántí bàbá wa, a kì í sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, orin tuntun kàn máa ń yọ níbẹ̀.

Wàhálà wà fún ẹni tí kò sanwó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè yan orin bó ṣe fẹ́ lórí fóònù, áàpù náà ló máa ń da orin pọ̀ fún un. Wọ́n dẹ okùn náà díẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àmọ́ ìpolówó ṣì ń já wọ àárín orin. Bí ètò bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ bi ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí bóyá ó ń sanwó.

Nǹkan méjì míì. Ẹ lè fi fáìlì orin tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín kún àkójọ, yóò dún lọ́dọ̀ yín, kò sì ní dún lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí. Wọ́n á rò pé àwọn ti fi àwo bàbá wọn ránṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ lásán ló dé ọ̀hún. Ìkejì: láti ọdún 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún kan ìgbà láàárín oṣù méjìlá kì í pa owó kankan níbẹ̀. Orin tó gbajúmọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Àwọn àwo sákárà tí èèyàn díẹ̀ ń gbọ́ ni ìyà náà máa ń jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ràn irú wọn, ẹ gbọ́ wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri.

Apple Music

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ohùn orin mọ́ gan-an, láti 2021 ni wọ́n ti ń fúnni ní èyí tí ohunkóhun kò sọnù nínú ohùn rẹ̀, láìfi owó kún un. Kò sí ti ọ̀fẹ́. Ẹni tí kò bá sanwó máa gbọ́ díẹ̀ nínú orin kọ̀ọ̀kan, ó parí síbẹ̀. Orin tí ẹ fi láti orí kọ̀ǹpútà yín kò ní hàn sí ẹlòmíràn níbí náà. Àárín ẹni méjì tí wọ́n jọ ń sanwó ni ó ti wúlò, irú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mo sì gbà láti bá a níbẹ̀.

Audiomack àti Boomplay

Àbúrò mi ló fa ọwọ́ mi wá síbí. Ọ̀pọ̀ orin ló wà lórí Audiomack tí èèyàn lè tọ́jú sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì máa gbọ́ ọ láìsí dátà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà wà lórí iye àwọn kan fún ẹni tí kò sanwó. Fún ẹni tó máa ń rí Wi-Fi níbi iṣẹ́ tó sì ń wọ dánfó lọ sílé, èyí ṣe pàtàkì ju ohùn tó mọ́ lọ. Ohun mìíràn ni pé olórin fúnra rẹ̀ lè gbé orin síbẹ̀. Nítorí náà fújì pọ̀ níbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ṣe lóde ìnáwó, tí kò wọ inú àwo rí. Ẹni tí àkójọ rẹ̀ bá kún fún Saheed Osupa àti Pasuma á rí nǹkan mú.

Boomplay dé ní 2015, ó sì máa ń bá fóònù Tecno wá látinú páálí. Ìyẹn ni àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù: ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí lè ti ní i lórí fóònù láìmọ̀. Orin Áfíríkà òde òní pọ̀ lórí méjèèjì. Afoxé ti Salvador, orin Lukumí, ìyẹn ti ìran Yorùbá ní Cuba, àti sákárà àtijọ́ ni mo pàdánù. Orin mọ́kànléláàádọ́ta nínú ọgọ́fà ni mo rí tò sórí Audiomack, mo sì fi ṣe àkójọ tó dá dúró dípò kí n máa pè é ní odindi.

Fáìlì lórí WhatsApp

Ó yá, ó sì rọrùn. Ẹ má ṣe fi ogún orin ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á bọ́ sáàárín àwòrán ìkíni àárọ̀ àti fídíò àdúrà, lọ́sẹ̀ kejì kò sẹ́ni tó máa rí wọn mọ́. Orin kan lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu yín tó ń sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀, ló máa ń wọlé. Mo ṣe é báyìí fún ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù kan gbáko, òun ló tiẹ̀ máa ń pè mí tí n kò bá tíì fi ti ọjọ́ náà ránṣẹ́. Àwọn tó wà nítòsí ara wọn lè lo Xender, áàpù tó ń gbé fáìlì láti fóònù kan sí èkejì, kò jẹ dátà rárá.

Fláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì

Àwọn kan á ní ó ti di ti àtijọ́. Lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà, òun ló borí. Kò nílò dátà, kò nílò orúkọ ìwọlé, ẹnikẹ́ni kò lè yọ orin kúrò nínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú rédíò ọkọ̀ àti nínú àwọn rédíò kéékèèké tó ní ihò fláàṣì. Wákàtí méjìlá orin ní 128 kbps kò ju nǹkan bíi 700 MB lọ, nítorí náà fláàṣì 4 GB ti pọ̀ jù.

Àmọ́ ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí FAT32, torí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kì í ka èyí tó yàtọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà síwájú orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, 001, 002, 003, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1 lásán, 10 á dún ṣáájú 2 lórí ẹ̀rọ púpọ̀. Ẹ má fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì, rédíò mìíràn á sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé kà. Ẹ ní ẹ̀dà kejì nílé, torí fláàṣì máa ń kú lójijì. Fún orin ojú àwo kan, ẹ lè gé ibi tí ẹ fẹ́ràn sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i. Fáìlì tó bá wà lọ́wọ́ yín ló gba irú ìyẹn.

Olórin kì í rí nǹkan kan nínú ẹ̀dà báyìí, kò sì yẹ kí a máa tà á. Ohun tí mo ń ṣe ni pé orin tó bá wà fún títà ni mo ń rà, lẹ́yìn náà ni màá fi sí i fún ará ilé. Lórí Bandcamp, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta orin, ilé-iṣẹ́ náà ń mú 15% nínú owó orin, ìyókù, lẹ́yìn owó báńkì, jẹ́ ti olórin tàbí ilé-iṣẹ́ àwo rẹ̀, fáìlì á sì di tiyín. Àwo Yorùbá àtijọ́ kò pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n tún tẹ̀ jáde.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Orúkọ olórin, orúkọ orin, orúkọ àwo, ọdún bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ìṣẹ́jú tí ibi tó dùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tàbí sínú fáìlì lásán. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ orin mẹ́tàdínlógún kúrò nínú àkójọ mi lọ́jọ́ kan lórí ibi tí mo ti ń sanwó, ìwé yìí ni mo fi wá méjìlá nínú wọn rí níbòmíràn. Ẹ kọ orúkọ náà bó ṣe wà lára àwo, kí ẹ tún kọ ọ́ láìsí àmì, torí bí ẹlòmíràn ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń wá a nìyẹn. Àwọn áàpù bíi Soundiiz àti TuneMyMusic lè bá yín kó àkójọ láti ibì kan lọ síbòmíràn, ọ̀fẹ́ ni fún àkójọ kékeré. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀: bí orúkọ orin bá jọra, wọ́n lè mú orin mìíràn dípò rẹ̀.

Ta ni kí ó mú èwo?

Bí ẹ kò bá mọ fóònù tí ẹni náà ń lò, tàbí tí orin ṣáájú 1980 bá ju ìdajì lọ nínú àkójọ yín, YouTube ni kí ẹ mú. Bí ẹ jọ ń sanwó ní ibì kan náà, ẹ dúró síbẹ̀: Spotify fún ẹbí tó fẹ́ máa fi orin kún un, Apple Music fún àwọn tí gbogbo wọn ń lo iPhone. Ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ dátà, tí fújì àti orin òde òní pọ̀ nínú ohun tó fẹ́ràn, Audiomack. Ẹni tó wà lókèèrè tí ẹ fẹ́ kí ó máa gbọ́ ohùn yín mọ́ orin, WhatsApp, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

Fún bàbá ní Ìbàdàn, fláàṣì ni mo ṣe, pẹ̀lú ìwé kan tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ àwọn orin sí. Mo gbé e lọ fúnra mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n fi sínú rédíò tó wà lórí tábìlì, sákárà bẹ̀rẹ̀, a sì gbọ́ ọ dé nọ́ńbà 017 kí n tó dìde. Wọ́n ti fi bírò ṣàtúnṣe orúkọ mẹ́ta lórí ìwé náà.